Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Mẹ́tàlélógójì

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Èrèlé

Wọ́n ní kí n máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ìwádìí tuntun ló sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, pé ẹni tó bá máa fa ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ òun gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín kí àwọn èèyàn má baà sá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn yìí. Mo ti fa ti ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, mo ti fa ti arúgbó tí iṣan rẹ̀ ti sá pamọ́ sínú egungun. Kò sẹ́ni tó sá rí. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin jù lọ ń kọ́ mi ní ẹ̀rín, ó sì ń pè mí ní "ìwọ". Nínú ooru yìí, táì ló so mọ́rùn. Onítáì ni mo máa pè é níbí.

Iṣẹ́ náà kò le. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá gba abẹ́rẹ́ kòrónà, màá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ó wò ó bóyá abẹ́rẹ́ náà ti gbé ṣọ́jà tó máa bá àrùn náà jà dìde nínú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Onítáì ní orúkọ gígùn tó ń pe nǹkan yìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tó ń fọṣọ níbí, ṣọ́jà là ń pè é. Igba ènìyàn ó lé mọ́kànlá ni gbogbo wa. Ọ̀la ni àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì máa gba tiwọn. Àwọn afọṣọ, àwọn agbálẹ̀ àti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, "bí ó bá kù".

Bí ó bá kù! Ta ló ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn oníkọ́ kòrónà? Ṣé dókítà ni?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n fún àwọn dókítà ní abẹ́rẹ́, wọ́n fún wọn ní tíì àti bisikíìtì lé e. Mo gba tèmi pẹ̀lú wọn, nítorí pé orí ìwé kan náà ni wọ́n kọ àwa òṣìṣẹ́ láàbù sí. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí kẹ̀kẹ́, ó wo àwọn tó ń jẹ bisikíìtì, ó ní, "Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ̀yin ọlọ́lá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò ṣeré. Mo dá bisikíìtì tèmi padà sínú àwo.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni abẹ́rẹ́ àwọn mẹ́tàlélógójì tó kù, àwọn afọṣọ, agbálẹ̀ àti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́, dé, ìgò kéékèèké nínú páálí kan ṣoṣo, ìgò kan fún ẹnì kan. Fìríìjì ilé oògùn kún. Obìnrin apòògùn bẹ̀ mí pé kí n bá òun fi í pamọ́ sí fìríìjì láàbù di Ìṣẹ́gun. Fáànù wa ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì, òógùn ń kán bọ́ sórí ìwé tí mò ń kọ. Mo fọwọ́ kan ìgò kan nínú páálí náà. Lójú tèmi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú bí mi. Ká ní ti dókítà ni, wọn ì bá gbé e bí ẹni gbé ẹyin.

Mo tì í sẹ́yìn pátápátá níbi tó ti máa ń tutù jù, mo sì yí bọ́tìnnì fìríìjì dé òpin. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí, ẹnikẹ́ni kò ní fi oògùn tí ooru ti pa gún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ki ìgò omi mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbé omi mímu síbẹ̀. Kí wọ́n tún fáànù ṣe ná, kí wọ́n tó wá bá mi sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe.

Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà

A dúpẹ́ fún ohun kékeré. Mo dé láàbù tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, mo ṣí fìríìjì, omi mi ti di yìnyín gbagidi! Mo gbá ìgò náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì títí ó fi fọ́ wẹ́wẹ́ nínú, mo sì pín in fún Bàbá Láàbù. Olórí wa yìí, tó ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì, ju yìnyín sẹ́nu bí ọmọdé, ó ní, "Bí o ṣe tù mí lára yìí, ara á tù ọ́, ọmọ mi." Ó ní fìríìjì ti le jù, ó yí bọ́tìnnì rẹ̀ padà sí àárín. Mo kọ ìwé fìríìjì, tí a máa ń kọ bó ṣe tutù tó lójoojúmọ́ sí, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òní nìkan ni n kò bú ẹnikẹ́ni kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Àwọn mẹ́tàlélógójì gba abẹ́rẹ́ wọn. Kò sí tíì, kò sí bisikíìtì. Mo dúró tì wọ́n títí ó fi parí. Màmá Áyọ́ọ̀nù, tó ti ń lọ aṣọ níbí kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, di ọwọ́ mi mú, ó di ojú pinpin. Ó ní kí nọ́ọ̀sì gún un ní kíá kí òun má baà rántí pé òun lọ́kọ tó lè gba òun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò di ojú. Ó wo abẹ́rẹ́ náà bí ó ṣe ń wọlé, bó ṣe máa ń wo gbogbo nǹkan.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Apá ẹ̀gbọ́n mi wú. Mo rẹ aṣọ sínú omi tútù, mo fi lé e. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, àwọn ṣọ́jà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bárékè, ẹrù ni wọ́n ń sọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n tún fáànù ṣe. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan.

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ibùsùn àwọn oníkọ́ ti kún. Wọ́n ti ń tẹ́ aláìsàn sí ọ̀nà àbákọjá. Páálí ìbòmú kan ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tí à ń rà á, ìbọ̀wọ́ tó kù sì tóbi débi pé mo lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lónìí, wọ́n yan ẹ̀gbọ́n mi àti Màmá Áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú àwọn mẹ́fà mìíràn pé aṣọ àwọn oníkọ́ nìkan ni wọn yóò máa fọ̀ báyìí, "nítorí pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, nǹkan kan ò lè ṣe wọ́n". Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Kí la gba abẹ́rẹ́ fún?" Ó na apá rẹ̀ sí mi. "Àwọn èèyàn mi wà níbí, wọ́n ń ṣọ́ mi."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọgbọ̀n

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pé fún àwọn tó gbẹ̀yìn. Mo ti fa ẹ̀jẹ̀ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láàárín ariwo àti ìkánjú wọn. Dókítà ọkùnrin gíga kan dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Lónìí, mo fa ti àwọn mẹ́tàlélógójì ní ìdákẹ́jẹ́, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fún wọn ní nǹkan. Mo lẹ orúkọ mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan kí n tó gún ẹni náà, bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ọ̀tá mi pàápàá kò lè sọ pé mo ń pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Igbe

Èsì dé. Ti àwọn dókítà ga. Ti àwọn nọ́ọ̀sì ga. Tèmi ga, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìgbéraga. Lẹ́yìn náà ni mo dé orí àwọn mẹ́tàlélógójì.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́, kò sí. Ẹni kejì, kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí. Láti òkè dé ilẹ̀, àfi àwọn méjì tí kòrónà ti mú lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ wọn rí bíi ti ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ rí.

Mo ní ẹ̀rọ ló ṣì í.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣì í.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbé èsì lọ bá Onítáì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì tú táì rẹ̀ díẹ̀, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti yé mi. Wọn ò gba abẹ́rẹ́ yẹn."

"Àwọn wo, ọ̀gá?"

"Àwọn afọṣọ wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà wọ́n. Wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n gba ẹ̀yìn yọ́ jáde. Ìwọ náà mọ irú wọn."

"Irú wọn báwo? Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, wà nínú wọn. Ojú mi báyìí ni abẹ́rẹ́ ṣe wọlé sí i lápá. Èmi ni mo fi aṣọ tútù lé e nígbà tó wú."

"Oríṣiríṣi nǹkan ló lè mú apá wú." Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ kan látòkè délẹ̀ lára àwọn mẹ́tàlélógójì. "A máa yọ wọ́n kúrò. Èsì àwọn tó kù dára gan-an ni."

"Tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò nínú ìwé, ṣé ẹ máa yọ wọ́n kúrò nídìí aṣọ àwọn oníkọ́ náà? Ṣé wọ́n máa rí abẹ́rẹ́ mìíràn gbà?"

"Ẹni tó sá fún àkọ́kọ́, ṣé a tún fẹ́ fi òmíràn ṣòfò lé e lórí ni?"

Mo sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé tí mo bá ń lọ. Mo pa á dé, gbogbo ọ̀nà àbákọjá sì gbọ́ pé mo pa á dé.

Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní òpùrọ́. Obìnrin tó dá tọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ọṣẹ ti jẹ èékánná rẹ̀ tán nítorí kí n lè ka ìwé. N kò ní sinmi títí màá fi rí ẹni tó ba abẹ́rẹ́ yẹn jẹ́. Ojú gbogbo ayé ni màá ti tú u láṣìírí, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti rí i.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ilé oògùn ní àárọ̀. Mo ti rò ó pé inú páálí kan náà ni gbogbo ìgò ti wá, torí náà páálí náà ló bàjẹ́, mo sì rántí pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Àwọn èèyàn tò síwájú obìnrin apòògùn. N kò dúró dè wọ́n.

"Ẹ ti ba abẹ́rẹ́ àwọn èèyàn mi jẹ́!" Bí mo ṣe pariwo nìyẹn. "Inú ooru lẹ gbé e gbà, ẹ jẹ́ kó kú sínú páálí! Ti dókítà kò kú, ti afọṣọ ló kú!"

Ó kọ́kọ́ ka oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Àmì kan wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan," ló wí, "tó máa ń yí àwọ̀ tí ooru bá ti pa á. Mo wò wọ́n kí n tó kó wọn fún yín, mo tún wò wọ́n ní Ìṣẹ́gun. Ìkankan ò yí. Ooru kọ́, arábìnrin."

"Kí wá ni?"

"Tí kì í bá ṣe ooru, ó dì ni. Tó bá ti dì, tó wá yọ́ padà, omi lásán ló kù, kò sì ní àmì. Ọwọ́ yín ló wà láti Ẹtì di Ìṣẹ́gun. Ẹ lọ mú ìwé fìríìjì yín wá."

"Ìwé fìríìjì wa? Ẹ ṣáà dúró!"

Mo sáré. Ọlọ́run rí mi, eré ni mo sá lọ mú un. Mo là á sílẹ̀ níwájú rẹ̀ àti níwájú gbogbo àwọn tó tò. "Ẹ wò ó. Ẹtì, mẹ́rin. Àbámẹ́ta, mẹ́rin. Àìkú, mẹ́rin. Ajé, mẹ́rin. Ṣé mẹ́rin lè sọ omi di yìnyín?"

Ó wò ó. Ó rọra béèrè pé, "Ta ló wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú?"

Kò sẹ́ni tó wá. Láàbù kì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀. Bírò kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì ni. Bàbá Láàbù ló kọ́ mi, ní ọdún tí mo dé: fìríìjì tí kò ṣàìsàn, mẹ́rin ló máa ń wà, àwọn olùbẹ̀wò kò sì fẹ́ rí àyè tó ṣófo nínú ìwé, torí náà, láàárọ̀ Ajé, kọ mẹ́rin sí gbogbo rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Ó ti mọ́ wa lára débi pé n kì í ṣí ojú wo fìríìjì náà mọ́ kí n tó kọ ọ́.

Mo délé, mo ṣí ìwé yìí, mo wá ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà. "Omi mi ti di yìnyín gbagidi!" Mo tilẹ̀ fi àmì ìyanu sí i. Lókè rẹ̀ ni bọ́tìnnì tí mo yí dé òpin wà, ní Ẹtì. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìfẹ́ ló rán mi.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bàbá Láàbù ní kí n dákẹ́. "Ìwé sọ pé mẹ́rin. Ta ló máa sọ pé kì í ṣe mẹ́rin? Fìríìjì ò lẹ́nu. Tí o bá ya ẹnu rẹ, gbogbo láàbù lo máa kó sí i, ó sì ku oṣù mẹ́fà péré fún mi." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. N kò lè bínú sí i. Ara mi ni mò ń bínú sí, ìyẹn sì ti gba gbogbo agbára mi.

Obìnrin apòògùn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró dè mí.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo di ojú ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìnyín sí níbí mú láti ya á. N kò ya á. N kò lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ránṣẹ́ pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo pinnu pé ọ̀la ni màá sọ ọ́. Ìpinnu kan náà ni mo ṣe lánàá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ogún

Wọ́n gbé Màmá Áyọ́ọ̀nù wọlé láàárọ̀ yìí. Láti Àbámẹ́ta ló ti ń wúkọ́, ó ní òtútù lásán ni, òun ti gba abẹ́rẹ́. Ọ̀nà àbákọjá ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, orí aṣọ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́. Mo kọjá lára rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè kí mi.

Mo gba ibẹ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ. Àwọn ẹ̀rọ ń pariwo, ẹ̀gbọ́n mi ń kó aṣọ àwọn oníkọ́ jáde nínú àpò pupa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ yín ti kú kí wọ́n tó fi gún yín. Èmi ni mo pa á."

Ó fi ọwọ́ nu ara aṣọ rẹ̀. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ: bọ́tìnnì, yìnyín, mẹ́rin tí mo kọ láìwò. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"O mu yìnyín náà?"

"Mo mu ún."

"Ó tutù?"

Mo wo àpò pupa náà.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka. "Ẹtì. Àbámẹ́ta. Àìkú. Ajé." Ó gbé ìka náà sókè sí mi lójú. "Àwa ń fọ aṣọ lọ."

Mo ti rò pé ó máa gbá mi létí. Ì bá wù mí kó gbá mi létí. Ó kọjá lára mi, ó lọ pa ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó pa ìkejì, ó ń pa wọ́n lọ títí yàrá náà fi dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo wọn yíjú. Ó ní, "Ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ."

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò sí aṣọ tó di fífọ̀. Àwọn méjìlélógójì jókòó síta lábẹ́ ògiri, wọn kò pariwo, wọn kò kọ orin. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹni tó pe àwọn ní asábẹ́rẹ́ wá fọ aṣọ náà.

Mo gbé ìwé yìí lọ bá Onítáì, odindi, nítorí pé ìwé fìríìjì ń purọ́, kò sì sí ẹ̀rí mìíràn láyé pé nǹkan dì nínú fìríìjì yẹn. Ó ní kí n ya ojú ìwé kan péré fún òun. Mo ní rárá, tí mo bá ya ojú kan, wọ́n á ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú àkọ́kọ́. Mo dúró, ó ń kà.

"Ta ni Onítáì?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

Ó kà á débi ìlà gbọọrọ tó fà. Ó kà á débi yìnyín, ó padà sẹ́yìn lọ ka bọ́tìnnì. Ó ní, "Ẹ jókòó." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò tù mí nínú rárá.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé èyí lè lé yín kúrò níṣẹ́?"

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwádìí yín bó ṣe rí. Ẹ má yọ wọ́n kúrò. Wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọn ò sá. Kí ẹ kọ ọ́ pé wọn ò sá."

Kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di aago méjì, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ti ga dé ojú fèrèsé, nọ́ọ̀sì kan sì ti tẹ́ aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì lásán. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tuntun fún àwọn mẹ́tàlélógójì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo nǹkan tí ẹnu wa ò lè rí gbà, aṣọ ìdọ̀tí rí i gbà láàárín ọjọ́ kan.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n fún mi níwèé pé kí n ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi ní dá mi dúró. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé kan. Bàbá Láàbù kà á lórí èjìká mi, ó yọ bírò lápò, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi, ó fi kún un pé: "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó jókòó. Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá, òun kàn rò pé oṣù mẹ́fà tó kù máa gba òun là ni.

Mo rí Màmá Áyọ́ọ̀nù láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ bò ó nímú. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Màmá Áyọ́ọ̀nù kú láàárọ̀.

Àwọn dókítà ní ó ti lè kó o kí n tó mọ ohunkóhun. Mo ti ṣírò ọjọ́ náà ní gbogbo ọ̀nà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí mo gbà ṣírò rẹ̀ tí n kò fi mu yìnyín yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Abẹ́rẹ́ tuntun dé, fìríìjì ilé oògùn ni ó sì sùn. Wọn kò tíì dá mi dúró, wọn kò sì tíì dárí jì mí. Obìnrin apòògùn ní kí èmi wá máa ka fìríìjì náà.

Wọ́n tò. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú. Kò wò mí lójú.

"Mélòó ni fìríìjì wí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. "Márùn-ún."

"Kà á kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."

"Márùn-ún!"

Ó na apá fún nọ́ọ̀sì, ó kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó gbà kí wọ́n gún òun láìbéèrè. Mo ń wò ó, mo ń kà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà nígbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí pẹ́, márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀méjìlélógójì ni mo kà á. Ohùn mi ti há kí n tó débi ẹni tó gbẹ̀yìn.

Ìgò kan ṣẹ́kù nínú páálí. Obìnrin apòògùn gbé e sókè, ó wo ìwé rẹ̀, ó ní mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fi ránṣẹ́, ti ta nìyí? Àwọn tó wà ní ìdúró wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí mi.

"Òun ni kó sọ ọ́."

Mo pe orúkọ Màmá Áyọ́ọ̀nù, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.